Ọwọ́ bàbá tó ń gbọ̀n n'Íbàdàn: kí ẹ tó fi oògùn ránṣẹ́

Ẹ kú ìrójú o. Ẹ ní ọwọ́ ọ̀tún bàbá ń gbọ̀n n'Íbàdàn, àwọn ará ilé ń pè é ní iṣẹ́ ayé, ẹ̀yin sì fẹ́ ra oògùn Parkinson, àrùn ọpọlọ tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n tó sì ń mú ara le, ní London kí ẹ fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù ná. Gbogbo ọwọ́ tó ń gbọ̀n kọ́ ni Parkinson.

Ẹ ní kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn fi fóònù ya fídíò. Kí bàbá jókòó, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé itan láìṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí wọ́n gbé ife omi mu, kí wọ́n kọ orúkọ wọn, kí wọ́n sì dìde rìn. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọwọ́ sinmi ló ń gbọ̀n, tó jẹ́ apá kan ló ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí lẹ́tà ọwọ́ wọn ń kéré sí i, ó lè jẹ́ Parkinson lóòótọ́. Ibi tó ń pèsè dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara, ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá gbé ife ni ọwọ́ méjèèjì ń gbọ̀n, tí ẹlòmíràn nínú ẹbí sì ti ní irú ẹ̀ rí, essential tremor, ìyẹn ọwọ́ gbígbọ̀n tí kì í ṣe Parkinson, ló sábà máa ń jẹ́. Propranolol ni wọ́n máa ń lò sí ìyẹn, kò sì bá ẹni tó ní asthma lára mu.

Kí wọ́n kó gbogbo oògùn tí bàbá ń lò dání lọ. Metoclopramide tí wọ́n ń lò fún èébì àti haloperidol tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ bíi wèrè lè mú ọwọ́ gbọ̀n. Thyroid, ẹ̀yà ara kan tó wà ní ọrùn, náà lè fà á bó bá ń ṣiṣẹ́ jù.

UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn, ni kí ẹ gbé wọn lọ, kí dókítà tó ń tọ́jú wọn kọ lẹ́tà sí neurologist, ìyẹn dókítà àrùn ọpọlọ. Ẹ má tíì náwó sórí MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, o. MRI lásán kì í fi Parkinson hàn. Ojú àti ọwọ́ ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n. Bó bá ní kí wọ́n lọ ṣe é, kó lè dá a lójú pé kì í ṣe àrùn mìíràn ni.

Bó bá wá jẹ́ Parkinson, levodopa ni olórí oògùn rẹ̀. Kì í wo àrùn náà sàn, àmọ́ ó ń jẹ́ kí ara yá sí iṣẹ́. Ó dára kí wọ́n lò ó ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ, torí ẹran àti ẹ̀wà lè dí i lọ́wọ́. Ẹlẹ́wé ọmọ lè dárúkọ wèrèpè fún wọn. Irọ́ kọ́ o, levodopa wà nínú èso wèrèpè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà nínú ife àgbo kan, ó sì léwu láti dà á pọ̀ mọ́ ti dókítà. Ní ti àdúrà, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Kí wọ́n máa gbà á, kí bàbá ṣáà dé ọsibítù.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí oògùn tán lójijì. Ẹni tó bá já levodopa lẹ́ẹ̀kan náà, ara rẹ̀ lè le gbagidi, kí ibà ńlá sì mú un, ó sì lè pa èèyàn. Nítorí náà, ẹ yan ẹnì kan nílé tí yóò máa ka èyí tó kù, kó pè yín nígbà tó bá ku ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.