Ẹyẹ ńlá kan ń rà bàbà lókè ilé wa ní Ìbàdàn: ṣé idì ni àbí àwòdì?

Bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹyẹ náà sì ń já wálẹ̀ gbé òròmọdìyẹ, àwòdì ni yóò jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń sin adìyẹ ti mọ̀. Ìrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ti àwòdì là ní ìparí, ó sì máa ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ó ti ń fò, ṣùgbọ́n ìrù idì kì í là bẹ́ẹ̀. Idì kan tí ó ṣeé rí nítòsí oko dúdú lára, ó ní ìyẹ́ gígùn lórí, a sì máa bà sórí òpó iná láti ṣọ́ eku. Bí ó bá fò, ẹ ó rí àmì funfun ní apá rẹ̀ méjèèjì. Létí odò ńlá tàbí ọ̀sà, idì apẹja ni kí ẹ máa wá, tí orí, àyà àti ìrù rẹ̀ funfun. Èyí tí ó ń tan ènìyàn jẹ jù ni igún tí ń jẹ ẹyìn: òun náà funfun, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ dúdú, awọ ojú rẹ̀ sì pupa.