Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà lè rí àkókò gbà lórí tẹlisíkópù VLA?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́ masters ni mí nínú físíìsì, Nàìjíríà níbí ni mo wà. Mo fẹ́ fi tẹlisíkópù rédíò VLA tó wà l'Amẹ́ríkà wo gáàsì háídrójìn inú gálásì kan, àmọ́ ọ̀gá mi ní àwọn òyìnbó ò ní dá mi lóhùn. Ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n ń gbowó ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ìwé ẹ̀? Ẹ ṣeun sà.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, wọ́n á dá ẹ lóhùn. VLA ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ìwádìí, ẹnikẹ́ni láyé ló lè kọ̀wé sí wọn, akẹ́kọ̀ọ́ náà wà níbẹ̀, o ò tiẹ̀ ní wọ bàálù torí tí wọ́n bá ti gbà fún ẹ, wàá ṣètò bí wọ́n ṣe máa wò ó sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á bá ẹ wò ó, ìwọ á wá dáńlóòdù dátà ẹ. Dátà háídrójìn lè lé ní 100 GB o, torí náà ti wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti iná ti dáa sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gba ìwé, nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ February àti ìbẹ̀rẹ̀ August. Àlàyé sáyẹ́ǹsì ẹ ò gbọdọ̀ kọjá ojú ewé 4.

Ibi tí mo fẹ́ kó o ti fara balẹ̀ dáadáa nìyí. Díìṣì 27 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 25, díìṣì DSTV orí òrùlé yín ò sì tó mítà kan. Orí rélùwéè ni wọ́n ti ń gbé wọn rìn, nǹkan bí oṣù mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń pààrọ̀ ìdúró wọn. Ìdúró A ni wọ́n ti jìnnà síra jù, ó tó kìlómítà 36, D ni wọ́n ti kó jọ sí nǹkan bíi kìlómítà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ka ìwé ẹ̀ béèrè fún A torí ó gbọ́ pé A ló ń rí nǹkan kedere jù. Gálásì ẹ̀ fẹ̀ tó arcminute 10, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta òṣùpá àrànmọ́jú, bẹ́ẹ̀ ní 1.4 GHz, ìgbì rédíò tí háídrójìn wà, ohun tó bá ti fẹ̀ ju arcsecond 36 lọ (arcsecond 60 ló wà nínú arcminute kan), A ò rí i mọ́, gáàsì ẹ̀ á kàn jò kọjá bí omi inú ajọ̀ ni. Wọ́n dá ìwé ẹ̀ padà. Ó dùn mí, torí sáyẹ́ǹsì inú ẹ̀ dáa gan-an. D ì bá rí i, torí òun ń rí ohun tó fẹ̀ tó arcsecond 970.

Ìkejì ni iye wákàtí. Má kàn kọ pé o fẹ́ wákàtí 10, ìgbìmọ̀ tó ń ka ìwé fẹ́ rí bó o ṣe ṣírò ẹ̀. Tó o bá fẹ́ kí ariwo inú àwòrán ẹ dín sí ìdajì, ìlọ́po mẹ́rin ni wákàtí ẹ máa jẹ́ o, kì í ṣe ìlọ́po méjì, wákàtí 2 á di 8. Wọ́n ní kakulétọ̀ fún un lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, so èsì ẹ̀ mọ́ ìwé ẹ. Wọ́n tún máa ń yí díìṣì sí àwọn nǹkan ojú ọ̀run tí a ti mọ agbára wọn, bíi 3C286, ká lè fi ṣe òdiwọ̀n dátà tìẹ, inú wákàtí ẹ náà ni wọ́n ti ń yọ ìyẹn.

Rí i dájú pé gálásì ẹ ń yọ lójú ọ̀run ibẹ̀. Tó bá jẹ́ Magellanic Clouds ni, ìyẹn gálásì méjì kan tó wà lápá gúúsù ojú ọ̀run, kì í yọ lọ́dọ̀ wọn rárá, tẹlisíkópù rédíò MeerKAT ti South Africa tó ní díìṣì 64 ni kó o kọ̀wé sí.

Àmọ́ kó o tó kọ ohunkóhun, lọ wo àkáífù VLA, ibi tí wọ́n ń kó dátà tí wọ́n ti gbà pamọ́ sí. Dátà tí ẹlòmíì gbà máa ń di ti gbogbo ayé lẹ́yìn oṣù 12. Tí gálásì ẹ bá wà níbẹ̀ tí dátà náà ò sì tó, kọ ohun tó kù sínú ìwé ẹ kedere. Tó bá tó, dáńlóòdù ẹ̀ lálẹ́ òní kó o bẹ̀rẹ̀ tísíìsì ẹ.