Àwo Tí Kì Í Ṣe Àwo Oúnjẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Houston ni mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹni tó ń ṣe olórí wa lálẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ni ọ̀gá bá kọ̀wé sí mi pé ó tó àsìkò kí n "step up to the plate". Oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ rò. Ẹnì kan tún ní wọ́n fẹ́ di ẹ̀bi rù mí ni. Kí ló túmọ̀ sí gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí oúnjẹ níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bi. Inú eré bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ti mú un. "Plate" yẹn ni ohun funfun pẹlẹbẹ tó wà nílẹ̀, tí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ń dúró tì. Nígbà kan rí, irin roboto tí wọ́n kùn lọ́dà funfun ni, ó jọ àwo lóòótọ́. Ọdún 1900 ni wọ́n sọ ọ́ di onígun márùn-ún. Rọ́bà ni lónìí, ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 17, ṣùgbọ́n àwo náà ni wọ́n ṣì ń pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú àwọn Astros, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Houston, ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti to orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tẹ̀léra lórí ìwé. Tó bá kan ẹnì kan, á dìde lórí bẹ́ǹṣì, á gbé igi rẹ̀, á dá rìn jáde. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6 sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó, kò sẹ́ni tó lè bá a di igi náà mú. Bó sì ṣe le tó, ẹni tó bá rí mẹ́ta gbá nínú mẹ́wàá, ògbóǹtarìgì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá yín ò sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ tàsé. Ó ní ó ti kàn yín, ẹ jáde.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní irú tiwọn látinú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn: "come up to scratch". Nínú òfin ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti ọdún 1838, ẹni tó bá ṣubú á fi ìṣẹ́jú àáyá 30 sinmi, á sì fi 8 dé ibi ìlà tó wà láàárín, èyí tí wọ́n ń pè ní "scratch", láìsí pé ẹnikẹ́ni dì í mú. Bí kò bá dé e, ó ti fìdí rẹmi. Tiyín ṣì rọ̀ díẹ̀!

Bí mo bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, "ẹ bọ́ sójú agbo" ni mo máa kọ. "Ẹ gba ẹrù náà" sún mọ́ ọn, àmọ́ èèyàn lè gba ẹrù ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó bọ́ sójú agbo, ojú gbogbo ayé ti wà lára rẹ̀.

Kí ẹ tó dá ọ̀gá lóhùn ṣá o, ẹ bi í bóyá ipò olórí náà ló ń fún yín tàbí iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Gẹ̀ẹ́sì tó kọ yẹn ò dárúkọ owó rárá.