Ṣé dátábéèsì ló máa gba sẹ́ṣọ̀n yín lọ́wọ́ olè?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. PHP ni mo fi kọ ìkànnì mi, inú fáìlì lórí sáfà sì ni sẹ́ṣọ̀n àwọn aṣàmúlò (àkọsílẹ̀ tí sáfà fi ń rántí ẹni tó ti wọlé) ń wà. Láìpẹ́ yìí, ẹnìkan wọ àkáǹtì aṣàmúlò mi méjì láìmọ páásíwọ́ọ̀dù wọn. Ẹni tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀ ní kí n kó sẹ́ṣọ̀n lọ sínú dátábéèsì MySQL, pé wọn kò ní rí i jí mọ́. Báwo ni kí n ṣe ya àtẹ (table) rẹ̀, òpó (column) wo ló sì yẹ kó ní?

Ìdáhùn: Màá dé orí àtẹ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló máa wo ohun tó ń ṣe yín. Ìmọ̀ràn yìí ti dé etí mi lemọ́lemọ́, ó sì ń bí mi nínú. Àwọn tó gbà á gbọ́ á kó sẹ́ṣọ̀n wọn tán, ọkàn wọn á balẹ̀, ihò tí olè gbà wọlé á sì wà níbẹ̀ gbayawu.

HTTP, ìlànà tí bíráúsà àti sáfà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kì í rántí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí aṣàmúlò bá dé, sáfà á fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ gígùn kan nínú kúkì, ìyẹn àkọsílẹ̀ kékeré tí bíráúsà ń tọ́jú. Gbogbo ìgbà tí bíráúsà rẹ̀ bá padà wá ló ń mú nọ́ńbà yẹn dání, òun sì ni sáfà fi ń wá dátà ẹni náà jáde. Dátà yẹn ló wà nínú fáìlì tàbí dátábéèsì. Nọ́ńbà ní tirẹ̀ wà lọ́wọ́ bíráúsà, níbi tí ọwọ́ yín kò dé, nọ́ńbà náà sì ni wọ́n ń jí. Ẹni tó ti jí kọ́kọ́rọ́ ilé kò bìkítà bóyá igi ni ilẹ̀kùn tàbí irin. Bó bá ti fi nọ́ńbà náà han sáfà, MySQL á kó dátà onílé fún un gẹ́gẹ́ bí fáìlì ṣe kó o.

Kódà, ewu mìíràn lè ti ibẹ̀ yọ. Bí ìkànnì yín bá ní ihò SQL injection, ìyẹn kí ẹnìkan ti àṣẹ SQL tirẹ̀ gba inú fọ́ọ̀mù yín wọlé, ẹni náà lè máa ka àwọn àtẹ yín. Ìgbà tí sẹ́ṣọ̀n wà nínú fáìlì, kò rọrùn fún un láti débẹ̀. Bí ẹ bá wá to nọ́ńbà gbogbo àwọn tó wà lórí ìkànnì sínú àtẹ kan, ẹ ti bá a kó wọn jọ. Ẹ̀dà dátábéèsì tí ẹ ń tọ́jú sí ibòmíràn náà á máa gbé wọn kiri.

N kò tíì rí kóòdù yín, n kò sì lè búra pé ibi báyìí ni wọ́n gbà. Ibi tí mo kọ́kọ́ máa wò ni XSS: kí ẹnìkan rí JavaScript tirẹ̀ fi sínú ojú ìwé yín, kó sì fi ka kúkì ẹlòmíràn. Ẹ fi htmlspecialchars, àṣẹ PHP tó ń sọ àmì HTML di ọ̀rọ̀ lásán, sẹ́ ohun gbogbo tí aṣàmúlò kọ kí ẹ tó gbé e sínú HTML. Ẹ fi HttpOnly (kí JavaScript má lè kà á), Secure (kó má gba ibi tí kò sí HTTPS) àti SameSite (kó má máa bá ìbéèrè tó ti ìkànnì mìíràn wá lọ bó ṣe wù ú) sórí kúkì, kí ẹ sì lo HTTPS lórí gbogbo ojú ìwé, kì í ṣe ti ìwọlé nìkan. HttpOnly kò wo XSS sàn o. Ó kàn ń dí i lọ́wọ́ láti ka kúkì ni.

Èkejì ni kí olè ti gbé nọ́ńbà tó mọ̀ fún aṣàmúlò ṣáájú kó tó wọlé. Ẹ pe session_regenerate_id(true), tó ń fún aṣàmúlò ní nọ́ńbà tuntun, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí páásíwọ́ọ̀dù bá ti tọ̀nà, kí ẹ sì yí session.use_strict_mode sí 1, kí PHP má gba nọ́ńbà tí kì í ṣe òun ló ṣe é, nítorí 0 ni PHP ń gbé e wá.

Ibì kan wà tí kíkó kúrò nínú fáìlì ti ń ṣàǹfààní fún ààbò: bí ẹ bá ń pín sáfà pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n lè ka fódà tí fáìlì wọ̀nyí wà. Níbẹ̀ pàápàá, yíyí session.save_path sí fódà tiyín lè tó.

Kí wá ni dátábéèsì wà fún? Bí sáfà yín bá ju ẹyọ kan lọ, tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ rí sẹ́ṣọ̀n kan náà. Tàbí bí ẹ bá fẹ́ kí aṣàmúlò lè jáde lórí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò burú rárá. Django, irinṣẹ́ tí wọ́n fi Python kọ ìkànnì, ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un.

Bí ẹ bá máa ṣe é, òpó mẹ́rin tó: nọ́ńbà ìdánimọ̀, aṣàmúlò, dátà, àti àkókò tó lò ó kẹ́yìn, tí ẹ máa fi index (atọ́ka tó ń mú wíwá yá) sí. Ẹ má fi nọ́ńbà náà síbẹ̀ ní ìhòòhò; SHA-256 rẹ̀, ìyẹn àmì tí a ṣírò láti ara rẹ̀ tí kò ṣeé yí padà sí nọ́ńbà náà, ni kí ẹ fi síbẹ̀, nínú òpó irú BINARY(32). Ẹ lo MEDIUMBLOB fún dátà. TEXT kò gbà ju báìtì 65,535 lọ, MySQL tí kò sí ní strict mode á sì gé ìyókù dànù, sẹ́ṣọ̀n náà á bàjẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdènà (locking), ìyẹn títi sẹ́ṣọ̀n pa kí ẹlòmíràn má kọ sínú rẹ̀. Fáìlì PHP ń ti sẹ́ṣọ̀n pa títí ìbéèrè (request) kan tí bíráúsà fi ránṣẹ́ á fi parí. Èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ìbéèrè méjì á sì máa kọ lé ara wọn. Mo rọ̀ yín kí ẹ lo PdoSessionHandler ti Symfony (àkójọ kóòdù PHP tó ti wà nílẹ̀), ó ti yanjú ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa fi SHA-256 àti òpó aṣàmúlò kún un. Lórí Debian àti Ubuntu, session.gc_probability jẹ́ 0, ìyẹn ni pé PHP kì í palẹ̀ sẹ́ṣọ̀n àtijọ́ mọ́ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ cron (iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe lákòókò tí a dá fún un) tó sì ń palẹ̀ mọ́ kò mọ̀ ju fáìlì lọ. Bí ẹ kò bá ṣètò ìpalẹ̀mọ́ fúnra yín, àtẹ náà á máa wú ni.

Ní báyìí ná, ẹ pa gbogbo fáìlì sẹ́ṣọ̀n rẹ́ lónìí, kí gbogbo ènìyàn wọlé tuntun, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn méjèèjì tọ́rọ̀ kàn. Bó bá jẹ́ pé owó tàbí ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn wà lórí ìkànnì náà, ẹ má fi ìdáhùn mi nìkan ṣiṣẹ́. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ààbò kó jókòó ti kóòdù náà.