Ṣé èéfín sítóòfù ló ń já ewé òdòdó inú ilé wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ewéko inú ilé máa ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́, ni mo bá tò wọ́n sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Látìgbà tí a ti ń lo sítóòfù gáàsì kan tí a rà ní àlòkù, ṣe ni ewé wọn ń pọ́n, òdòdó tí kò tíì là sì ń já sílẹ̀. Omi tí mò ń bu sí wọn kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ṣé èéfín ló ń bá wọn jà, àbí ẹ̀gbin tí wọ́n ń gbà mọ́ra fún wa ló ti pọ̀ jù?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ sítóòfù ni ká kọ́kọ́ sọ, torí ó ju ọ̀rọ̀ òdòdó lọ. Ẹ má tàn án mọ́ títí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.

Gáàsì kan wà tó ń jẹ́ ethylene. Ewéko fúnra rẹ̀ ń ṣe é níwọ̀nba: òun ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èso pọ́n, òun náà ló ń mú kí ewé tó ti gbó já. Àmọ́ ó tún máa ń wà nínú èéfín gáàsì tí kò jó tán, nínú èéfín igi àti ti sìgá. Ewéko kò lè dá èyí tó ti ara òun wá mọ̀ yàtọ̀ sí ti ìta. Tó bá ti kàn án lára, á ṣe bí ẹni pé ọjọ́ ti pé: ewé á pọ́n, á já, òdòdó tó ń mú bọ̀ á sì rẹ̀ dànù. Kò gba kó pọ̀ rárá. Ohun tí kò tó ìdá kan nínú 1,000,000 afẹ́fẹ́ yàrá ti tó láti da ọ̀pọ̀ wọn láàmú. Ní 1901, Dimitry Neljubow, ọmọ Rọ́ṣíà, fi hàn pé ethylene inú gáàsì tí wọ́n fi ń tan iná ló ń mú kí èèhù ẹ̀wà pea inú yàrá ìwádìí rẹ̀ máa hù ní ìdùbúlẹ̀ dípò kó nàró.

Omi àpọ̀jù náà ń mú kí ewé pọ́n, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ omi ni, ewé ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ pọ́n, iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò á máa tutù ṣáá, nígbà míì á máa rùn. Tó bá jẹ́ ethylene, oríṣiríṣi ewéko inú yàrá kan náà lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òdòdó tí kò tíì là á máa já, ewé àwọn kan á sì tẹ̀ sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé ó rọ. Èyí tí ẹ ṣàlàyé jọ ti ẹ̀ẹ̀kejì.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ pa sítóòfù nìyí: iná tí kò jó tán tó ń tú ethylene sílẹ̀ lè máa tú carbon monoxide náà sílẹ̀. Ìyẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Tí iná bá pupa rẹ́súrẹ́sú dípò búlúù, tí ìdí ìkòkò ń dúdú, tí orí ń fọ́ yín tàbí òòyì ń kọ́ yín nínú ilé, ṣùgbọ́n tó ń fúyẹ́ tí ẹ bá ti bọ́ síta, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má fi òdòdó ṣe olùṣọ́ o. Ẹ̀rọ kékeré wà tó máa ń ké tí carbon monoxide bá ti wà nínú afẹ́fẹ́.

Ní ti pé wọ́n ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́, àsọdùn pọ̀ níbẹ̀. Ìwádìí NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti 1989 ló bí i. B. C. Wolverton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ewéko sínú àpótí tí wọ́n sé pa, wọ́n tú gáàsì tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, bíi benzene, sí i, ó sì dín kù lóòótọ́. Kòkòrò àìfojúrí inú iyẹ̀pẹ̀ ìdí gbòǹgbò pàápàá wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Ta ló wá ń gbé inú àpótí? Nígbà tí Bryan Cummings àti Michael Waring ṣírò rẹ̀ ní 2019, ó gba ewéko 10 sí 1,000 lórí mítà onígun mẹ́rin kan kó tó ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé-jáde ń ṣe lásán.

Ẹ gbé wọn lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn wà, kó jìnnà sí ilé ìdáná àti sí èso tó ń pọ́n. Ewé tó ti pọ́n kò ní padà sí àwọ̀ rẹ̀, ẹ gé e. Ẹ fi aṣọ tútù nu eruku àti ọ̀rá kúrò lára èyí tó kù, torí ó ń dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀. Ẹ má tíì fi ajílẹ̀ sí wọn títí wọn yóò fi yọ ewé tuntun.