Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ni Àǹfààní Láàbù Èdè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Èdè Faransé ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Níwọ̀n ìgbà tí mo lè fi fóònù gbọ́ Faransé, kí ni mo tún fẹ́ lọ ṣe nínú láàbù èdè?

ÌDÁHÙN: Fóònù yín lè sọ Faransé sí yín létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbígbọ́ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ láàbù èdè, ìyẹn yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ẹ̀rọ gbọ́ èdè, tó sì ń sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Níbẹ̀, ohùn olùkọ́ wà lọ́tọ̀, tiyín náà wà lọ́tọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ lè gba ohùn ara yín sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀léra, kí ẹ sì tún tiyín ṣe láì ba ti olùkọ́ jẹ́. Olùkọ́ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ àkóso tún lè bá ẹ̀yin nìkan sọ̀rọ̀ láì jẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́, èyí tí mo kà sí àǹfààní tó ga jù, pàápàá fún ẹni tí ojú máa ń tì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Faransé méjì yìí, «tu» (ìwọ) àti «tout» (gbogbo), tó jẹ́ pé fáwẹ̀lì nìkan ló mú wọn yàtọ̀ nínú pípè. Fáwẹ̀lì inú ti àkọ́kọ́ kò sí nínú èdè Yorùbá, nítorí náà òun ni kí ẹ lo àkókò yín lé lórí. Fáwẹ̀lì àránmú kò ní fi bẹ́ẹ̀ yọ yín lẹ́nu, nítorí àwa náà ní tiwa.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ láàbù bóyá wọ́n ní ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún DELF, ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ èdè Faransé. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó lọ sí Abúlé Èdè Faransé ní Àgbádárìgì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa gbé inú èdè náà.