Báàgípáìpù àti gìtá kò bára mu: kí la máa ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Glasgow ni ìjọ wa wà. Ọmọ ìlú Scotland kan láàárín wa mọ báàgípáìpù, ìyẹn fèrè alápò, fọn, a sì fẹ́ kó bá wa kọ “Amazing Grace” pẹ̀lú gìtá iná àti dírọ́ọ̀mù, bí àwọn olórin rọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe é. Nígbà tá a dán an wò, etí ò gbà á rárá. Onígìtá wa ní fèrè náà ló bàjẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, fèrè kò ṣe nǹkan kan. Ohùn tí afọnfèrè ń pè ní A, B-flat ló ń dún sí létí yín, ó sì sábà máa ń ga ju B-flat lọ. B-flat orí kíbọ́ọ̀dù yín jẹ́ 466 hertz, ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Báàgípáìpù òde òní lè wà ní 475, ó lè wà ní 480.

Ẹ̀yin lẹ máa lọ bá fèrè, ẹ má ní kó wá bá yín. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọn ún fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí pé bí ríìdì inú rẹ̀, ìyẹn ahọ́n kékeré tó ń gbọ̀n kí fèrè tó dún, bá ṣe ń móoru, tí èémí ń mú un rin, ni ohùn rẹ̀ ń yí. Ẹ wá gbé túnà, ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn, sí i, kẹ́ ẹ wo A rẹ̀. Ká ní 478 ni: ẹ yí A kíbọ́ọ̀dù tó wà ní 440 sí 451, kẹ́ ẹ túùnì gìtá àti béèsì sí 451 yẹn náà. Kí onígìtá fi kápò, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń há okùn gìtá, há ojú kìíní, kó máa lu kíì D. D náà ni afọnfèrè á máa pè é. E-flat ni kí kíbọ́ọ̀dù àti béèsì wà. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó déédéé, kó kúkú ra chanter tí wọ́n ṣe sí 466, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí ìka ń tẹ̀.

Orin tẹ́ ẹ yàn dáa gan-an. Ohùn mẹ́sàn-án péré ló wà lórí fèrè yìí. “Amazing Grace” kò lò ju d, r, m, s, l (dò, rè, mí, sò, là) lọ, láti s ìsàlẹ̀ dé s òkè, ó sì wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ní 1972, àwọn ọmọ ogun Royal Scots Dragoon Guards fi fèrè gbé e dé ipò kìíní ní Bìrìtìkó fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún; ní 1999, Dropkick Murphys ti ìlú Boston fi gìtá oníjàgídíjàgan bá fèrè kọ ọ́. Àmọ́ ẹ má dán “Wà bá mi gbé” wò. Ohùn fe kan (fà tí wọ́n gbé sókè díẹ̀) wà ní òpin ìlà kejì rẹ̀ tí fèrè kò ní. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún kwáyà.

Ọ̀pá mẹ́ta tó gbé lé èjìká ń kùn lórí A kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí gìtá bá ti bọ́ sórí G, tí ohùn rẹ̀ sì ń ya, gbogbo ẹ̀ á dàrú mọ́ra wọn. Kó fi kọ́ọ̀kì dí méjì nínú wọn, tàbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Fèrè yìí kò mọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó lè ju 100 decibel lọ létí ẹni tó ń fọn ún. Ẹ má gbé máíkì sí i nínú gbọ̀ngàn kékeré. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn kọ ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, kó wá wọlé ní ẹsẹ kẹta. Kì í sì í ṣàdédé wọlé: ó gbọ́dọ̀ fẹ́ àpò kún ná, kí ọ̀pá dún, kí orin tó jáde. Kí dírọ́ọ̀mà fún un ní báà mẹ́rin láàárín ẹsẹ kejì sí ìkẹta, kó má sì sáré.